Láti Ṣàgámù dé Lọ́ńdọ̀nù: Bí A Ti í Ṣírò Máàkì Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn lójú títì márosẹ̀, oríta ńlá nìkan ló ń rí ní Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ àti ti Benin ti yà kúrò lára ọ̀nà Ìbàdàn. A sì máa rò pé ibi tí ọkọ̀ ti ń yà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wọ inú ìlú yóò rí i pé ìlú ìṣirò ni Ṣàgámù. Ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kan, Ọ̀fin àti Màkún àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kó ara wọn jọ sójú kan kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn. Òwò sì tẹ̀lé wọn débẹ̀, pàápàá òwò obì gbàǹja. Ẹ dé Sábó kí ẹ wo bí àwọn Hausa àti àwọn ìyá wa ti ń ṣa obì, tí wọ́n ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, tí wọ́n ń kà á sínú apẹ̀rẹ̀ láìsí pẹ́ńsù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ a ti mọ ìyàtọ̀ láàrin èrè àti àdánù kó tó mọ ìwé kà.

Níbi tí ọjà bá sì wà, èènì kò gbọ́dọ̀ má sí níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Awólọ́wọ̀ ní Ṣàgámù, kí ẹ ra kóńgò gàrí kan. Bí ìyá tó ń tà á kò bá mọ̀ yín rí, yóò fi ọwọ́ gbá orí kóńgò náà kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀, yóò rọ ọ́ kó ga bí òkè, yóò sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò sí ìwé tí ó kọ ọ́ sí. Ọkàn rẹ̀ ni ìwé náà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà ní èènì tiwọn. Ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe ti inú ọkàn. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, òfin sì ni wọ́n fi ń pín in. Ẹni tó bá fò dé ìwọ̀n kan láàrin ọdún kan, wọn a gbé e sípò: wọn a pè é ní Idẹ, tàbí Fàdákà, tàbí Wúrà. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí ènìyàn ti í ṣírò iye tí ìrìn àjò kan yóò fi kún ipò náà, kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Èkó nìkan nìyí. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ìlú tí wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọdún 1909, tí Tai Ṣólàrín sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ sí ní ọdún 1956. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá ń lọ sí òkè òkun, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Lónìí, agbo ilé mélòó ló kù ní Rẹ́mọ tí kò ní nọ́ọ̀sì kan ní Bìrìtéènì, tàbí ọmọ kan ní Amẹ́ríkà? Àwọn ìyá wa tí kò dé Ìlọrin rí ti ń lọ wẹ ọmọ ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù. Àní pápá ọkọ̀ òfuurufú Gateway ti wà ní ilẹ̀ wa, lápá ibi tí Ìlíṣàn àti Ìpẹrù wà, ọdún 2025 sì ni ọkọ̀ èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí ìlú òyìnbó, Ìkejà ló ṣì ń lọ wọ ọkọ̀.

Ní ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines dá ẹgbẹ́ oníbàárà tí wọ́n ń pè ní AAdvantage sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ka ibùsọ̀ tí èrò bá fò. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nigeria Airways tiwa, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, kógbá sílé ní ọdún 2003, ọkọ̀ àwọn àjèjì ni púpọ̀ nínú wa ń wọ̀ lọ sí òkè òkun, òfin èènì wọn sì ni a ń tẹ̀lé. Òótọ́ ni pé Air Peace ti ń fò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù March ọdún 2024, ṣùgbọ́n àwọn àjèjì ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà náà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni máìlì, èkejì ni máàkì ipò. Máìlì dà bí owó inú kóló: ẹ lè kó o jọ, kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ mìíràn. Máàkì ipò kò ṣe é ná. Ó dà bí máàkì ìdánwò tó ń gbé ọmọ gorí kíláàsì. Bí ọmọ bá sì gba 88 níbi tí wọ́n ti ń béèrè 100, orí ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ ni yóò wà. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí ọdún bá ti parí, wọn a nu pátákó. Òdo ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí n jókòó ti ìṣirò yìí ni Ìyá Aláṣọ, ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní Ṣàgámù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Atlanta. Ní oṣù February ọdún tó kọjá, ìyá lọ wẹ ọmọ ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù August ó tún lọ. Ní oṣù October ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Atlanta. Párísì ló gbà ní gbogbo ìgbà, ọkọ̀ Air France sì ni, nítorí pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ Flying Blue láti ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, ó wá bá mi ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí ilé-ìwé kò tíì wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọdún mà, ẹ kú ọjà ọdún." Ó ní, "O ṣé, Tíṣà. Wá bá mi ka ohun tó wà nínú fóònù yìí. Ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní ó ku díẹ̀ kí n di Fàdákà. Ó ní bí mo bá lè sáré lọ sí Párísì kí n padà wá kí oṣù yìí tó parí, ó ti tán. Ó ní èrò tó bá di Fàdákà ń gbé àpótí kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ náà mọ ohun tí àpótí kan jẹ́ fún mi."

Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ẹni tó bá ti rí bí Ìyá Aláṣọ ti ń di ẹrù yóò mọ̀ ọ́n. Gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti aṣọ ẹbí ni ó ń kó lọ. Bàtà ọmọdé àti aṣọ léèsì ni ó ń kó bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹran nìkan ni kò ń dì, nítorí Bìrìtéènì kò gba ẹran wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Kílò 23 ni òṣùwọ̀n àpótí kan, òṣùwọ̀n pápá ọkọ̀ kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé, "Owó wo ni ẹ fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Párísì náà, mà?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Owó tí mo fẹ́ fi kó aṣọ ọdún Àjíǹde ni."

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Owó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ fi ra èènì. Mo fa ìwé jáde, a jọ jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣirò gbọ́dọ̀ béèrè ni: òṣùwọ̀n wo ni ẹgbẹ́ yìí ń lò? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan ń wo ìjìnnà àti irú ìjókòó. Àwọn mìíràn ń wo owó.

Ti Flying Blue, tí í ṣe ẹgbẹ́ Air France àti KLM, ìjìnnà àti ìjókòó ni. Wọ́n pín ojú òfuurufú sí ìpele ìpele. Ọkọ̀ tó bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò tó ibùsọ̀ 2,000, máàkì 5 ni fún ìjókòó mẹ̀kúnnù. Láti 2,000 dé 3,500, máàkì 8 ni. Láti 3,500 dé 5,000, máàkì 10 ni. Èyí tó bá ju 5,000 lọ, máàkì 12. Ẹni tó bá jókòó níbi ìjókòó ọlọ́lá ní ìlọ́po mẹ́ta: 15, 24, 30, 36. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye tí ẹ san kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ àti ẹni tó rà á ní ọ̀wọ́n, bí ìjókòó wọn bá dọ́gba, máàkì kan náà ni wọn yóò gbà. Ìtàkùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà: bí ẹ bá gun ọkọ̀ méjì kí ẹ tó dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ gba máàkì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Láti Èkó dé Párísì tó bíi ibùsọ̀ 2,900, máàkì 8. Láti Párísì dé Lọ́ńdọ̀nù kò jìn; máàkì 5. Àlọ jẹ́ 13, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 26. Ìyá lọ lẹ́ẹ̀mejì: 52. Láti Párísì dé Atlanta tó bíi ibùsọ̀ 4,400, máàkì 10. Fi 8 ti Èkó sí Párísì kún un, ó di 18. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 36. Ká ní ọkọ̀ Delta tó ń lọ tààrà láti Èkó sí Atlanta ni ó wọ̀, tó sì fi nọ́ńbà Flying Blue sílẹ̀, máàkì 12 ni fún àlọ, 24 fún àlọ àti àbọ̀. Ọ̀nà tó yà ló mú máàkì wá ju ọ̀nà tààrà lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ìwé àti pẹ́ńsù!

Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 52 àti 36, tí í ṣe 88. Flying Blue ń béèrè 100 kí ènìyàn tó di Fàdákà. Láti Fàdákà dé Wúrà ó tún jẹ́ 180, láti Wúrà dé Platinum ó jẹ́ 300. Máàkì 12 ló kù fún ìyá. Ọmọkùnrin onítíkẹ́ẹ̀tì kò purọ́: Èkó sí Párísì, àlọ àti àbọ̀, jẹ́ 16, yóò sì di 104. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kò pé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wo èrè ná. Lọ́dún tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ rò pé ẹ máa rìn?" Ó ní ọmọ ti ń dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló kù. Bí ó bá rìn lẹ́ẹ̀mejì, àpótí àlékún mẹ́rin ni, méjì àlọ, méjì àbọ̀. Mo ní kó fi owó àpótí mẹ́rin wé owó tíkẹ́ẹ̀tì Párísì lọ-bọ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ ìdáhùn kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí mo bi í nípa físà. Físà Bìrìtéènì kò lè mú un jáde sí ìgboro Párísì. Ti Faransé gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, èyí sì gba owó àti àkókò. Àní kí ènìyàn kàn gba inú pápá ọkọ̀ wọn kọjá, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ wọn, àfi ẹni tó bá ní irú físà kan bíi ti Amẹ́ríkà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ Ìyá Aláṣọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kọjá. Kí ẹni tí kò ní in kọ́kọ́ béèrè kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó yà sí Párísì.

Ìyá wá ní, "Ṣé kí n gbàgbé Fàdákà nìyẹn?" Mo ní, "Ẹ sọ fún mi, mà, ìgbà wo ni ẹ tún ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?" Ó ní àárín oṣù February ni ọmọ yóò pé ọdún kan, òun sì ti ní in lọ́kàn láti wà níbẹ̀, òun kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ọdún ẹgbẹ́ Flying Blue kì í ṣe ọdún kàlẹ́ńdà. Ti oníkálukú ni. Ìyá wọ ẹgbẹ́ ní oṣù February, nítorí náà, bí mo ti rí i nínú fóònù rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù January ni ọdún tirẹ̀ ń parí. Bí ó bá lọ ní àárín February, 88 náà yóò ti parẹ́, 26 tuntun ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ kí January tó parí, àlọ nìkan ti tó: 88 àti 13 jẹ́ 101. Fàdákà dé! Máàkì 1 tó lé kò ní sọnù. Wọn a gbé e wọ ọdún tuntun, máàkì 13 ti àbọ̀ yóò sì bá a níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà tó fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ ni. Ọjọ́ nìkan ni a sún.

Ìyá Aláṣọ pàtẹ́wọ́. Ó ní lẹ́yìn Kérésì, aṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ tà, ọmọ iṣẹ́ òun sì lè jókòó ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó fẹ́ mú ọjọ́ 31 January kí ó lè ta ọjà títí dé ìparí oṣù. Mo ní rárá o. Alẹ́ ni ọkọ̀ Párísì ń gbéra ní Èkó, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó ń dé. Bí ó bá gbéra ní alẹ́ 31 January, ọkọ̀ kejì, láti Párísì sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù February. Máàkì 8 nìkan ni yóò wọ ọdún àtijọ́: 88 àti 8 jẹ́ 96. Nítorí òru ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ yóò di asán. Ọyẹ́ sì wà, tí í máa bo ojú òfuurufú ní oṣù January, tí ọkọ̀ fi máa ń pẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Ọjọ́ 24 ni a fi àdéhùn sí.

Ní ọjọ́ náà èmi ni mo sìn ín lọ. A kúrò ní Ṣàgámù lẹ́yìn ìyálẹ̀ta, ọyẹ́ bo gbogbo igbó obì bí èéfín. A gba Mọwé àti Ìbàfò kọjá, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sì dá wa dúró kí a tó dé Bẹ́gà. Ìyá jókòó lẹ́yìn láàrin àpótí rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀ sókè bí ọmọ ilé-ìwé tó ń há ìṣirò ìsọdipúpọ̀ sórí. Ní Ìkejà, kí wọ́n tó wọn ẹrù, ó bi ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì pé, "Ọmọ mi, ẹ bá mi wò ó, ṣé nọ́ńbà mi wà nínú rẹ̀?" Ó wà níbẹ̀. Kí oṣù tó parí, ọmọ rẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù: 101. Nígbà tí ìyá ń bọ̀ ní ìparí February, àpótí àlékún kan bá a dé lọ́fẹ̀ẹ́. Bàtà ọmọdé ló kún inú rẹ̀, owó aṣọ Àjíǹde sì wà láìfọwọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìṣirò yìí lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tó ń fi owó wọn ipò ti pọ̀. Ní British Airways, títí di ìparí oṣù March ọdún 2025, ìjìnnà àti ìjókòó ni òṣùwọ̀n. Ìjókòó ọlọ́lá láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ń mú máàkì 140 wá lọ́nà kan, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ̀kúnnù tó kéré jù ń mú 20 wá, Fàdákà sì jẹ́ 600. Láti ọjọ́ kìíní oṣù April ọdún 2025 ni wọ́n ti yí i padà: pọ́ùn kan, máàkì kan. Idẹ di 3,500, Fàdákà di 7,500, Wúrà di 20,000. Ní Delta, láti oṣù January ọdún 2024, dọ́là nìkan ni wọ́n ń kà: Fàdákà jẹ́ 5,000, Wúrà jẹ́ 10,000, láàrin January sí December.

Níbi tí owó bá ti jẹ́ òṣùwọ̀n, ẹ má ṣe mú gbogbo iye tí ẹ san fi ṣe ìṣirò. Ẹ wo ìwé tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ óò rí owó ọkọ̀ gan-an, ẹ óò sì rí owó tí ìjọba àti pápá ọkọ̀ gbà. Ti ìjọba kò mú máàkì wá. Ká ní ìyá kan san pọ́ùn 1,000 lọ-bọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí 300 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Máàkì 700 ló gbà. Yóò lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láàrin ọdún kan kó tó di Fàdákà ní 7,500. Fún ẹni tó ń rìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó gbàgbé rẹ̀, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà, kó sì fi owó tó kù gbé ẹrù. Ẹ tún rántí náírà wa. Náírà ni a ń san, pọ́ùn tàbí dọ́là ni wọ́n ń kà. Láti oṣù June ọdún 2023 tí wọ́n ti tú iye náírà sílẹ̀ kó wá ipò tirẹ̀ lọ́jà, àwa ará ilé ti rí i pé òbítíbitì náírà lè di máàkì kékeré.

Àwọn ohun kéékèèké kan tún wà tó ń ba ìṣirò rere jẹ́. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ẹlòmíràn a jẹ́ Adébísí nínú ìwé ìrìnnà, a jẹ́ Bísí nínú ẹgbẹ́, a sì jẹ́ orúkọ ọkọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kò mọ oríkì. Bí orúkọ kò bá dọ́gba, máàkì lè má wọlé. Èkejì ni àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn alágbàtà ń rà lọ́pọ̀ kí wọ́n tó tà á fún wa. Níbi tí owó bá ti jẹ́ òṣùwọ̀n, irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè má fi owó hàn, tí wọn yóò fi padà sórí ìbùsọ̀ láti ṣírò rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀kẹta ni ìwé pélébé tí wọ́n ń fún wa láti fi wọ ọkọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù títí ẹ ó fi rí máàkì yín, nítorí òun ni ẹ̀rí yín bí máàkì bá sọnù.

Ní ìparí, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè mẹ́rin ni kí a máa bi ara wa kí a tó dá owó sílẹ̀. Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n ń lò? Mélòó ni mo ní, mélòó ló kù? Ọjọ́ wo ni ọdún mi ń parí? Bí ipò náà bá sì tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni n óò lò ó? Bí ìrìn àjò tí ẹ ti fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀ bá lè mú un wá, ẹ sún ọjọ́, ẹ yí ọ̀nà díẹ̀, kí ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn àjò mìíràn ni ẹ óò fi owó ọjà rà nítorí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Kò sí ẹni tó ń ra odindi àpò gàrí tí kò nílò nítorí ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọn yóò bù lé e.